Lígámẹ́ǹtì orúnkún tó já: àwọn ìbéèrè nípa iṣẹ́ abẹ rẹ̀, àti ìdáhùn wọn

Kí ni ó já gan-an?

Okùn líle mẹ́rin ló so eegun itan mọ́ àwọn eegun ojúgun níbi orúnkún. Méjì wà ní ẹ̀gbẹ́: MCL ní ẹ̀gbẹ́ inú, LCL ní ẹ̀gbẹ́ òde. Méjì tó kù wà ní àárín gbùngbùn, wọ́n dábùú ara wọn bí igi méjì tí wọ́n gbé léra: ACL wà níwájú, PCL wà lẹ́yìn. Àwọn okùn wọ̀nyí là ń pè ní lígámẹ́ǹtì. Wọn kì í ṣe iṣan. Iṣan ló ń fa eegun kó lè rìn; iṣẹ́ ti lígámẹ́ǹtì ni kó di eegun mú kó má yẹ̀.

ACL ló ń kó èèyàn sí wàhálà jù, òun ni ọ̀pọ̀ ìdáhùn tó wà níbí dá lé. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sanra ju ọmọńdinrín lọ. Síbẹ̀ òun ni kì í jẹ́ kí eegun ojúgun yọ́ síwájú lábẹ́ eegun itan, òun náà ni kì í jẹ́ kí orúnkún lọ́ nígbà tí èèyàn bá ṣẹ́rí padà lójijì.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó já lóòótọ́?

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan onítọ̀hún. Ó ń sáré, ó fi ẹsẹ̀ gúnlẹ̀, ó fẹ́ yà sí apá kejì, tàbí ó fò, ó sì balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan. Ó gbọ́ “pọ́!” nínú orúnkún, ó ṣubú, kò lè bá eré lọ mọ́. Kí wákàtí mélòó kan tó kọjá, orúnkún ti wú tepé. Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú wíwú yẹn, ìdí nìyẹn tó fi yára bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìrora á lọ, ẹni náà á rò pé ó ti tán, títí tí orúnkún á fi yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń sọ̀kalẹ̀ látinú dánfó.

Dókítà eegun á yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ọwọ́. Á ká orúnkún díẹ̀, bíi dígírì 20 sí 30, á fi ọwọ́ kan di itan mú, á fi ìkejì fa eegun ojúgun síwájú. Àyẹ̀wò Lachman ni wọ́n ń pè é. Bí okùn bá wà, eegun á dúró gbà lójijì, bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá sáré títí tí okùn ọrùn rẹ̀ fi tán. Bí okùn bá ti já, eegun á kàn máa bọ̀ wọ̀ọ̀, kò ní ibi tó ti máa dúró. Bí orúnkún bá ṣì wú tó sì ń dùn gan-an, aláìsàn á máa le iṣan mọ́ra, àyẹ̀wò náà kò sì ní sọ òótọ́. Ẹ padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 14, kí wọ́n tún un ṣe.

Wọ́n ya X-ray, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ṣé ara mi ti yá nìyẹn?

Rárá. Eegun ni X-ray ń fi hàn. A nílò rẹ̀ kí a lè mọ̀ bóyá eegun ṣẹ́ tàbí lígámẹ́ǹtì fa ẹ̀ẹ́rún eegun yọ, ṣùgbọ́n kò lè fi okùn tó já hàn. MRI, ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara tó ń lo mágínẹ́ẹ̀tì, ló ń fi í hàn, ó sì tún ń fi meniscus hàn, ìyẹn àwọn ìtẹ́lẹ̀ rírọ̀ méjì tó rí bí oṣù tuntun, tó wà láàárín eegun méjèèjì. Meniscus sábà máa ń ya pẹ̀lú ACL, bó bá sì ya, ó lè yí ètò iṣẹ́ abẹ padà.

Ṣé mi ò lè lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun?

A mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé nílẹ̀ Yorùbá ti ń bẹ̀rẹ̀, a ò sì sọ èyí láti fi ṣáátá ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò sí eegun kankan láti tò níbí. Okùn tó já sínú orúnkún kò ṣe é fà padà síbi tó ti já. Bí wọ́n bá fipá fà á, tàbí tí wọ́n bá fi ìpara gbígbóná wọ́ ọ nígbà tó ṣì kún fún ẹ̀jẹ̀, á tún wú sí i. Meniscus tó ya díẹ̀ sì lè ya tán. Bí wọ́n bá wá fi pákó dì í pinpin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, orúnkún á le gan-an, iṣan itan á joro.

Ohun tí ẹ lè ṣe fúnra yín ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nìyí: ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè ju àyà lọ, ẹ fi báńdéèjì tó ń fà wé e láì fún un jù, kí ẹ fi pure water dídì tí ẹ wé nínú aṣọ ìnura lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún lóòjọ́. Ẹ má ṣe gbé yìnyín lé awọ ara lásán.

Ọ̀kadà ló gbá mi, orúnkún yẹ̀ pátápátá, ó sì padà fúnra rẹ̀. Ṣé mo lè dúró di ọ̀la?

Ẹ má dúró rárá. Bí orúnkún bá yẹ̀ kúrò ní ojúpò, lígámẹ́ǹtì méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń já lẹ́ẹ̀kan náà, òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba ẹ̀yìn orúnkún sì lè fàya. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ẹsẹ̀ fún wákàtí 6 sí 8, wọ́n lè ní láti gé ẹsẹ̀ náà. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti èékánná: ṣé wọ́n funfun ju ti ẹsẹ̀ kejì lọ? Ṣé ẹsẹ̀ tutù? Ṣé kò lè gbé ìka ẹsẹ̀ sókè? Ẹ̀yìn orúnkún ni ibi tó léwu, kódà bó bá jọ pé ẹsẹ̀ ti tọ́ padà. Ilé ìwòsàn ńlá tó ní dókítà eegun àti ẹni tó lè rán òpó ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ gbà lọ tààrà, lóru tàbí lọ́sàn-án. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ó yẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí X-ray lè máà fi í hàn mọ́.

Ṣé gbogbo lígámẹ́ǹtì tó bá já ló ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ?

Rárá o. MCL sábà máa ń jiná fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìdè orúnkún tó ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, fún bíi ọ̀sẹ̀ 6. Ọ̀pọ̀ PCL tó já nìkan náà ni a ń fi eré ìdárayá tọ́jú. LCL àti igun ẹ̀yìn òde orúnkún ni kì í gba ìdúró: bí wọ́n bá já tán, ó dáa kí iṣẹ́ abẹ wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, nítorí lẹ́yìn náà ojú ibẹ̀ á dì pọ̀, títún un so á sì le.

Ní ti ACL, ìgbésí ayé tí ẹni náà fẹ́ gbé ló ń pinnu rẹ̀. Ìwádìí kan ní Sweden tí wọ́n gbé jáde ní 2010 pín ọ̀dọ́ 121 sí ọ̀nà méjì: apá kan ṣe iṣẹ́ abẹ kíá, apá kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú físíò, ìyẹn ìtọ́jú pẹ̀lú eré ìdárayá, wọ́n sì lè ṣe iṣẹ́ abẹ tó bá yá. Lẹ́yìn ọdún 2, orúnkún apá méjèèjì ṣe déédéé ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú físíò kò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ rárá.

Nítorí náà, olùkọ́ tó ń rìn lọ síbi iṣẹ́, tó ń gun àtẹ̀gùn, tí orúnkún rẹ̀ kì í yẹ̀, lè fi físíò oṣù 3 dán an wò ná. Agbábọ́ọ̀lù, ẹni tó ń gun òrùlé tàbí ọ̀pẹ, àti ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń yẹ̀ lójú ọ̀nà títẹ́, iṣẹ́ abẹ ló máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tí orúnkún bá yẹ̀ ni meniscus ń fara gbá nínú rẹ̀. Ọjọ́ orí nìkan kì í ṣe ìdí láti sọ pé rárá.

Kí ló dé tí wọn kì í kàn rán èyí tó já pa pọ̀?

Omi orúnkún ló fà á. Níbòmíràn lára, ẹ̀jẹ̀ á dì sí ojú ibi tó já, ara á sì gba orí rẹ̀ hun okùn padà. Omi inú orúnkún kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì láàárín orí méjèèjì. Okùn tó já náà sì máa ń fọ́n ká bí orí ìgbálẹ̀ tó gbó. Àwọn dókítà kan ń rán èyí tó já létí eegun gan-an, fún àwọn aláìsàn tí wọ́n ṣà yọ. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, okùn tuntun ni wọ́n ń fi rọ́pò.

Níbo ni wọ́n ti ń mú okùn tuntun?

Lára yín fúnra yín ló dáa jù. Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀.

Èkíní ni okùn iṣan ẹ̀yìn itan. Wọ́n á la ojú kékeré bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí ìsàlẹ̀ orúnkún lápá inú, wọ́n á fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì jáde, wọ́n á ṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan po kó lè di mẹ́rin. Wọ́n máa ń fẹ́ kó sanra tó mílímítà 8 ó kéré tán. Bí kò bá tó, wọ́n á tún ṣẹ́ ẹ po sí i. Ojú ọgbẹ́ kéré, ìrora náà mọ níwọ̀n. Àléébù rẹ̀ ni pé agbára láti ká ẹsẹ̀ dé ìparí máa ń dín kù díẹ̀, ó sì ń pẹ́ kó tó mọ́ eegun, bíi ọ̀sẹ̀ 8 sí 12.

Ìkejì ni ìdá kan nínú mẹ́ta okùn tó wà lábẹ́ ọmọrí orúnkún. Àárín rẹ̀ ni wọ́n ń gé, fífẹ̀ rẹ̀ mílímítà 10, pẹ̀lú ẹ̀là eegun kékeré lórí àti nísàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Nítorí pé eegun ló ń bá eegun so, ó máa ń mọ́ra ní bíi ọ̀sẹ̀ 6. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n ń ṣe é fún. Ṣùgbọ́n iwájú orúnkún lè máa dùn fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí èèyàn bá kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ sì ni èyí láàárín àwa. Obìnrin tó ń kúnlẹ̀ kí àgbà láràárọ̀, Mùsùlùmí tó ń fi orúnkún kanlẹ̀ nígbà márùn-ún lójúmọ́, ẹni tó ń kúnlẹ̀ gbàdúrà, ẹni tó ń to táìlì: ẹ sọ ọ́ fún dókítà kó tó yan okùn. Dókítà tó kẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ òkèèrè lè máà bi yín.

Ìkẹta ni okùn iṣan iwájú itan, lókè ọmọrí orúnkún. Ó sanra dáadáa, ìkúnlẹ̀ kì í sì í dun èèyàn tó ti èkejì, àmọ́ iṣan iwájú itan ń pẹ́ kó tó lágbára padà.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ní ilé ìpamọ́ ẹ̀yà ara, wọ́n tún lè lo okùn láti ara òkú. Fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 25 tó fẹ́ padà sórí pápá, a ò gbà á nímọ̀ràn: ó ń tètè já ju okùn ara ẹni lọ.

Kí ló yẹ kí n ti ṣe kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé?

Orúnkún gbọ́dọ̀ ti rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré gé orúnkún tó ṣì gbóná tó sì wú, àfi tí nǹkan mìíràn bá jẹ́ pàjáwìrì nínú rẹ̀. Ohun mẹ́ta la ń wò: wíwú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ẹsẹ̀ ń nà gbọọrọ bí ìkejì, iṣan iwájú itan sì lè gbé ẹsẹ̀ náà sókè láì ká. Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 3 sí 6. Ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú orúnkún tó le, orúnkún tó le jù bẹ́ẹ̀ ló máa ń bá jáde.

Ẹ sọ genotype yín. Bí ó bá jẹ́ SS tàbí SC, dókítà tó ń fi oògùn kun èèyàn lóorun gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú, nítorí okùn rọ́bà tí wọ́n ń fi fún itan láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró lè mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, àgbo náà pẹ̀lú, àti bóyá ẹ ní ọgbẹ́ inú. Kò gbọdọ̀ sí eéwo tàbí egbò lára ẹsẹ̀ náà. Ẹ má jẹun fún wákàtí 6 ṣáájú. Omi lásán lè wọlé títí di wákàtí 2, bí wọn ò bá sọ ohun mìíràn fún yín.

Kí ni wọ́n máa ń ṣe gan-an nínú yàrá iṣẹ́ abẹ?

Wọ́n á gún abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn kí ìsàlẹ̀ ara kú, tàbí kí wọ́n kùn yín lóorun pátápátá. Oògùn tó ń pa kòkòrò á wọ òpó ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí 1 kí wọ́n tó fi abẹ kan ara. Nígbà tí ara bá ti rọ̀ pátápátá yìí, dókítà á tún orúnkún yẹ̀ wò. Ohun tí ìrora ti ń bò mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ á hàn kedere.

Wọ́n á lu ihò kékeré méjì tàbí mẹ́ta síwájú orúnkún, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó sẹ̀ǹtímítà 1. Kámẹ́rà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pẹ́ńsùlù á wọ inú ọ̀kan, irinṣẹ́ á gba ìkejì, omi iyọ̀ á máa ṣàn wọlé kí ojú ibẹ̀ lè mọ́. Wọ́n á wo meniscus, wọ́n á rán èyí tó ṣe é rán.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ okùn tí wọ́n fẹ́ lò. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn itan, wọ́n gbọ́dọ̀ gé gbogbo àwọn ẹ̀ka kékeré tó so ó mọ́ iṣan ẹ̀yìn ojúgun kí wọ́n tó ti irin ìbó okùn sókè. Bí ẹ̀ka kan bá ṣẹ́kù, irin á já okùn ní agbede, okùn á sì kúrú. Lórí tábìlì, wọ́n á rán orí rẹ̀, wọ́n á nà án, wọ́n á wọn sísanra rẹ̀, wọ́n á sì fi gọ́ọ̀sì tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn vancomycin wé e. Rírẹ yìí ti dín ìkọlù kòkòrò kù gidigidi, ó sì yẹ kí ẹ bi dókítà yín bóyá ó ń ṣe é.

Wọ́n á fi dírílì lu ihò sí eegun méjèèjì, tó dọ́gba pẹ̀lú sísanra okùn. Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ihò inú eegun itan gbọ́dọ̀ bọ́ síbi tí ACL ti hù tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn, lápá ẹ̀gbẹ́. Bí dókítà bá gbé e síwájú jù, okùn á le nígbà tí ẹ bá ká ẹsẹ̀, á sì dẹ̀ nígbà tí ẹ bá nà án. Nínú gbogbo àṣìṣe ọwọ́ dókítà, èyí ló máa ń ba okùn tuntun jẹ́ jù. Bí ti eegun ojúgun bá lọ síwájú jù, okùn á máa gbá òrùlé inú eegun itan, ẹsẹ̀ ò sì ní nà tán láéláé.

Wọ́n á fa okùn gba inú ihò méjèèjì. Lókè, bọ́tìnì títéńíọ̀mù kékeré á dábùú lẹ́yìn eegun láti gbé e kọ́. Nísàlẹ̀, síkúrù á fún un mọ́ ògiri ihò. Wọ́n á ká ẹsẹ̀, wọ́n á nà án ní ìgbà bíi ogún kí okùn lè fà tán, kí wọ́n tó dè é ní ìparí. Gbogbo rẹ̀ ń gba bíi wákàtí 1 sí 2. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lọ sílé lọ́jọ́ kan náà tàbí lọ́jọ́ kejì.

Bí aláìsàn kò bá tíì pé ọdún 25, tí orúnkún rẹ̀ sì ń yí gan-an, ẹ béèrè nípa okùn kejì tí wọ́n ń so sí ẹ̀gbẹ́ òde orúnkún. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2020 lórí ọ̀dọ́ 618, okùn tuntun já lára 11 nínú 100 àwọn tí kò ní i, ṣùgbọ́n 4 péré nínú 100 àwọn tó ní i.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ńkọ́?

Bí ẹ ò bá rántí nǹkan mìíràn, ẹ rántí kí ẹsẹ̀ nà. Ẹ ká aṣọ ìnura sábẹ́ gìgísẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn orúnkún wà lófìfo, kó máa fi ìwúwo ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, nígbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lóòjọ́. Ẹ má ṣe ki ìrọ̀rí bọ abẹ́ orúnkún, bó ti wù kó tù yín lára tó. Ìyá tó ń ṣaájò ọmọ rẹ̀ ló máa ń fi ìrọ̀rí síbẹ̀, ìyẹn ló sì ń mú kí ẹsẹ̀ ká sójú kan. Ẹsẹ̀ tí kò bá nà tán ní ọ̀sẹ̀ 6 máa ń mú onítọ̀hún tiro, ó sì lè gba iṣẹ́ abẹ kejì kó tó tọ́.

Ẹ fún iṣan iwájú itan pọ̀, bí ẹni fẹ́ fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ kà dé 5, kí ẹ tú u sílẹ̀. Ìgbà 10, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá wà lójúfò. Ẹ máa rìn pẹ̀lú ọ̀pá abẹ́ abíyá, kí ẹ máa tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá ti gbà yín láyè. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dáa ló ń kọ́kọ́ gòkè, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ló ń kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Kíká tó dígírì 90 ní ọ̀sẹ̀ 2 dáa. Ní ọ̀sẹ̀ 6, kó tó 120. Bí wọ́n bá rán meniscus, dókítà lè ní kí ẹ má ká a kọjá 90 fún ọ̀sẹ̀ 6.

Ṣálángá onílòṣọ̀ọ́ kò ṣe é lò lákòókò yìí. Ẹ wá àga tó ní ihò láàárín kí ẹ tó lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá fẹ́ kírun, ẹ lo àga.

Oṣù 3 ti pé, kò dùn mí mọ́, mo sì ń rìn dáadáa. Kí ló dé tí físíò ò jẹ́ kí n gbá bọ́ọ̀lù?

Nítorí pé okùn náà ò tíì lágbára tó bó ṣe ń ṣe yín. Ọjọ́ tí wọ́n gé e kúrò níbi tó wà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró. Nínú orúnkún, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kọ́kọ́ ń kú, òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun á wá máa yọ́ wọ inú rẹ̀, ara á sì máa tún un hun. Láàárín bíi ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, ó máa ń rọ̀ ju ọjọ́ tí wọ́n fi í síbẹ̀ lọ. Àsìkò yẹn gan-an ni wíwú lọ, ìrora lọ, tí ọ̀rẹ́ ń pè yín wá sí pápá. Títún ara rẹ̀ hun yìí ń lọ títí kọjá ọdún 1.

Àwọn olùwádìí ní Oslo fi hàn ní 2016 pé oṣù kọ̀ọ̀kan tí eléré ìdárayá fi kún ìdúró rẹ̀, títí di oṣù 9, dín ewu kó tún ṣèṣe kù ní ìdá 51 nínú 100. Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyẹn. Agbábọ́ọ̀lù Virgil van Dijk já ACL rẹ̀ ní October 2020, ó padà sórí pápá ní July 2021. Agbábọ́ọ̀lù obìnrin Alexia Putellas já tiẹ̀ ní July 2022, ó padà ní òpin April 2023. Àwọn wọ̀nyí ní físíò tiwọn lójoojúmọ́, wọ́n ṣì dúró tó oṣù 9.

Báwo ni ìrìn àjò oṣù 9 náà ṣe ń lọ?

Láti ọ̀sẹ̀ 2 sí 6, ẹ máa wa kẹ̀kẹ́ ìdárayá tí kì í kúrò lójú kan, ẹ máa dìde láti orí àga láìfi ọwọ́ tì. Láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, ẹ gbé ẹrù díẹ̀díẹ̀, ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ẹ máa gun àpótí kékeré. Kò sí owó jíìmù? Báàgì ìrẹsì kílò 5 nínú àpò ẹ̀yìn ń ṣiṣẹ́. Sísáré tààrà ń bẹ̀rẹ̀ ní bíi oṣù 3 sí 4, bí orúnkún kò bá wú lẹ́yìn rẹ̀. Fífò àti yíyà lójijì tẹ̀ lé e láti oṣù 5 tàbí 6. Wíwú ni adájọ́: bí orúnkún bá wú lọ́jọ́ kejì, ti àná pọ̀ jù, ẹ dín in kù.

Kí ẹ tó padà sí bọ́ọ̀lù, iṣan iwájú itan ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ tó ìdá 90 nínú 100 ti ẹsẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni fífò lórí ẹsẹ̀ kan: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta léra, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ní ìdábùú ìlà, àti fífò mítà 6 pẹ̀lú aago. Téèpù ìwọ̀n àti fóònù ti tó láti wọn ti fífò.

Iṣẹ́ orí àga ṣe é padà sí ní bíi ọ̀sẹ̀ 2. Iṣẹ́ agbára, oṣù 3 sí 6. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ má wa ọkọ̀ fún bíi ọ̀sẹ̀ 6.

Kí ló lè bàjẹ́?

Kòkòrò ń wọ orúnkún lára èèyàn tí kò tó 1 nínú 100, ṣùgbọ́n bó bá wọ̀ ọ́, ọjọ́ kan péré ti pọ̀ jù láti fi dúró. Lára awọ dúdú, pípọ́n kì í hàn. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná, ẹ wò ó bóyá ó ń dán, bóyá omi ń jáde lójú ọgbẹ́, bóyá ibà ń ṣe yín, bóyá ìrora tó ti ń dín kù tún ń pọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ lè dì sí ẹ̀yìn ojúgun: ó wú, ó ń dùn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Bí mímí bá le tàbí àyà bá ń gún yín, pàjáwìrì ni.

Awọ apá òde ọgbẹ́ lè kú bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ eyín. Ìyẹn wọ́pọ̀, kò léwu, ó sábà máa ń kéré sí i. Kókó ara kan tún lè hù síwájú okùn tuntun, tí ẹsẹ̀ ò fi ní nà tán. Wọ́n lè fi kámẹ́rà gé e kúrò.

Okùn tuntun náà lè já. Lára àwọn tí kò tíì pé ọdún 25 tó padà sí eré ìdárayá, nǹkan bíi 1 nínú 4 ló ń já ACL lẹ́ẹ̀kejì, nínú orúnkún kan náà tàbí nínú ìkejì. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ kejì náà fi gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo eré ìdárayá yìí.

Ọmọ ọdún 12 ni tèmi.

Ẹ wá dókítà eegun tó mọ̀ nípa ọmọdé. Àwọn ibi tí eegun ti ń dàgbà ṣì ṣí sílẹ̀ nítòsí orúnkún; bí wọ́n bá lu ihò gba ibẹ̀ láìṣọ́ra, ẹsẹ̀ lè wọ́ tàbí kó kúrú. Àwọn ọ̀nà kan wà tí kì í fọwọ́ kan ibẹ̀.

Èló ni? Níbo ni kí n lọ?

Iye owó yàtọ̀ láti ilé ìwòsàn kan sí ìkejì, ó sì ń yí padà, nítorí náà ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀: MRI, bọ́tìnì àti síkúrù, owó yàrá, oògùn akunnilóorun, ìdè orúnkún, àti físíò. Físíò ni wọ́n sábà máa ń yọ kúrò nínú ìṣirò, òun náà ló sì gùn jù. Bí owó kò bá tó méjèèjì, ẹ kó ti físíò jọ ná kí ẹ tó mú ọjọ́ abẹ. Ní Nàìjíríà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ka dókítà eegun ní ilé ìwòsàn Igbobi l’Ékòó, UCH n’Íbàdàn tàbí OAUTHC n’Ílé-Ifẹ̀. Ẹ bi dókítà ní tààrà: “Mélòó irú èyí lẹ ti ṣe lọ́dún tó kọjá?” Kò sí àfojúdi nínú ìbéèrè náà.

Mo ṣe é nílé, mo ń padà sí London. Kí ni kí n mú dání?

Ìwé tí dókítà kọ nípa iṣẹ́ abẹ náà, ó sì gbọ́dọ̀ sọ irú okùn tó lò, sísanra rẹ̀, ohun tó fi dè é, àti bóyá ó rán meniscus. Láìsí ìwé yìí, físíò tuntun á máa méfò, á sì lè gbà yín láyè láti lòṣọ̀ọ́ sórí meniscus tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán. Ẹ kó àwòrán MRI náà sínú fóònù. Ẹ má wọ ọkọ̀ òfuurufú ọ̀nà jíjìn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ láìbi dókítà, nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì. Bó bá pọn dandan, ẹ béèrè bóyá ẹ nílò oògùn rẹ̀, ẹ mu omi, ẹ máa dìde rìn.

Ṣé bọ́tìnì náà máa dún ní pápákọ̀ òfuurufú? Ṣé wọ́n máa yọ ọ́ tó bá yá?

Ó kéré jù, kì í sábà dún. Wọn kì í sì yọ ọ́, àfi tó bá ń gún yín lábẹ́ awọ. Bọ́tìnì títéńíọ̀mù kì í dí yín lọ́wọ́ láti ṣe MRI lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó wọlé.